Ìlú tí Àlejò Kọ́: Mo Fẹsẹ̀ Rin Palermo

Bàtà tí mo wọ̀ kúrò nílé kò bá mi padà dé. Ìlú Palermo ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ bá ń gbèrò àtilọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ gba ìmọ̀ràn mi: ẹ fi bàtà tó ń dán sílé, kí ẹ wá èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí àdúgbò àtijọ́ ibẹ̀, òkúta tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ títí tó fi ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mọ́tò ò lè wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Palermo, ẹsẹ̀ ni yóò fi mọ̀ ọ́n, yóò sì wá ọmọ ìlú kan tí yóò máa ṣíwájú rẹ̀.

Palermo ni olú-ìlú Sísílì, erékùṣù ńlá tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ítálì, láàárín Òkun Mẹditaréníà gan-an. Bí ẹ bá wo àwòrán ayé, Ítálì dà bí bàtà gígùn kan, Sísílì sì dà bí òkúta tí bàtà náà fẹ́ ta nípàá. Palermo súnmọ́ Tùnísíà ju bó ti súnmọ́ Róòmù lọ. Nítorí ibi tó wà yìí, kò sí ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́ tí kò yà síbẹ̀. Àwọn ará Fòníṣíà ló tẹ ìlú náà dó, kí wọ́n tó bí Jésù ní nǹkan bí 700 ọdún. Àwọn ará Róòmù gbà á lọ́dún 254 kí wọ́n tó bí Jésù. Àwọn Lárúbáwá gbà á lọ́dún 831, àwọn Norman gbà á lọ́dún 1072, àwọn ará Jámánì, Faransé àti Spéènì náà sì jẹ tiwọn níbẹ̀. Àfi bí ilé àyálégbé tí onílé ń pààrọ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni ìyá tó mú wa kiri, ọmọ Palermo tí wọ́n bí sí Palermo. Àwa méje ló kó lẹ́yìn. Ó gbé agbòòrùn pupa lọ́wọ́, kì í ṣe nítorí òjò, bí kò ṣe kí a má baà sọnù. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gba ìwé ìléwọ́ tí wọ́n fún wa nílé ìtura, ó kà á sí wa létí. Ìwé náà ní Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti Júù jọ gbé ní Palermo láyé àtijọ́ bí ọmọ ìyá. Ìyá yìí ká ìwé náà kò, ó fi sínú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àbọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ wá àbọ̀ tó kù."

Orí títì tó dàgbà jù ní ìlú la ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ọba Ítálì kan ni ìjọba kọ sára pátákó ibẹ̀, ṣùgbọ́n Cassaro làwọn ará ìlú ń pè é. Láti ara "al-qasr" ni wọ́n ti rí i, èyí tí í ṣe ààfin tàbí ilé olódi lédè Lárúbáwá. Àdúgbò etí òkun tí wọ́n ń pè ní Kalsa, "al-Khalisa" ni í ṣe tẹ́lẹ̀. Ìyá náà ní àwọn tó sọ títì wọ̀nyí lórúkọ ti lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ kọ̀, kò bá wọn lọ. Mo sọ fún un pé ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà: Lárúbáwá ni àlàáfíà tí a fi ń kí ara wa, Lárúbáwá sì ni àlùbọ́sà tí a fi ń se ọbẹ̀. Bí mo ṣe dárúkọ àlùbọ́sà báyìí, ẹ̀rín pa á. Ó ní ó ti di dandan kí òun sọ ìtàn Ibn Hawqal fún wa.

Ibn Hawqal jẹ́ arìnrìn-àjò, ọmọ Lárúbáwá, tó dé Palermo ní nǹkan bí ọdún 973, nígbà tí ìlú náà ti wà lọ́wọ́ Mùsùlùmí ju 100 ọdún lọ. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, inú rẹ̀ ò sì dùn rárá. Ó ka mọ́ṣáláṣí tó tó 300. Ó ní ìgbéraga ló fà á, pé olówó kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ ní tiẹ̀: bàbá á kọ́ mọ́ṣáláṣí kan, ọmọ rẹ̀ á ní tiẹ̀ ní ogún ìṣísẹ̀ síbẹ̀. Ó ní àwọn tíṣà kéwú náà pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, torí ẹni tó bá ń kọ́ ọmọdé ní kéwú ò ní í lọ sójú ogun. Nígbà tó wá fẹ́ sọ ohun tó sọ ọgbọ́n wọn dòmùgọ̀, àlùbọ́sà ló dì mú. Ó ní àlùbọ́sà tútù tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́ ló ba ọpọlọ wọn jẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí bàbá àti mọ́ṣáláṣí ọmọ yẹn, àfi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àdúgbò kan tí mo mọ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n àwọn tí Ibn Hawqal ń bú yìí, wọ́n ṣiṣẹ́. Àwọn Lárúbáwá ló gbin ọsàn wẹ́wẹ́ àti ìrèké sí ilẹ̀ Sísílì. Ihò gígùn tí wọ́n ń gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ kí omi òkè lè máa ṣàn wá sínú ìlú, ó wà níbẹ̀ títí di òní, àwọn àlejò a sì máa dé akoto wọ inú rẹ̀ lọ wò. Èmi ò wọ̀ ọ́ o. Mo ní kí n dúró lókè.

Àwọn Norman ló gbẹ̀yìn àwọn Lárúbáwá, jagunjagun láti àríwá ilẹ̀ Faransé. Wọn ò pọ̀, wọn ò sì mọ̀wé. Àmọ́ wọ́n gbọ́n: wọn ò lé àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1130 ni wọ́n dé Roger Kejì ládé ní Palermo. Akọ̀wé Lárúbáwá ló ń ṣírò owó orí fún un, Gíríìkì ló ń ṣe ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi rẹ̀. Gíríìkì ọ̀hún, George ará Áńtíókù, ti sin àwọn ọba Mùsùlùmí ní Tùnísíà rí kó tó wá sọ́dọ̀ Roger. Ọ̀rọ̀ náà "admiral" tí àwọn Òyìnbó fi ń pe irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, láti ara "amir" Lárúbáwá ló ti wá. Lọ́dún 1143, George kọ́ ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní Martorana lónìí. Inú rẹ̀ la ti rí àwòrán Roger tí Jésù fúnra rẹ̀ ń dé ládé. Òkúta wínníwínní aláwọ̀ góòlù ni wọ́n fi tò ó, lẹ́tà Gíríìkì ni wọ́n sì fi kọ orúkọ ọba náà sókè orí rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí.

Ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan náà wà láàfin Roger, al-Idrisi. Ó lò tó ọdún 15 níbi tó ti ń bi àwọn arìnrìn-àjò léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà, ó sì parí ìwé ńlá kan lórí gbogbo ayé lọ́dún 1154, pẹ̀lú àwòrán ayé tí wọ́n fín sára àwo fàdákà. Gúúsù ló wà lókè nínú àwòrán tiẹ̀, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ló wà lókè, Yúróòpù wà nísàlẹ̀. Ó wù mí kí wọ́n máa ya tòní náà bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti sọ fún ìyá wa pé ó jọ pé ìwé ìléwọ́ yẹn kò purọ́ o. Kò dá mi lóhùn. Ó mú àwòrán kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Aṣọ ìgúnwà Roger ni, ti síliìkì pupa, tó wà ní Vienna báyìí. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi wúrà kọ yí etí rẹ̀ po, ọdún tí wọ́n sì kọ sí i, 528 ni, ti àwọn Mùsùlùmí, èyí tó bọ́ sí 1133 tàbí 1134 tiwa. Kìnnìún méjì ló wà lẹ́yìn aṣọ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gun ràkúnmí kan mọ́lẹ̀. Ìyá náà béèrè pé, "Ta ni kìnnìún? Ta ni ràkúnmí?" Kò sẹ́ni tó fèsì nínú àwa méjèèje. Àwọn Lárúbáwá tó rán aṣọ náà mọ ìdáhùn, wọ́n sì rán an.

Ẹ̀yìn èyí la dé kàtídírà. Ìjọ ni tẹ́lẹ̀, ó di mọ́ṣáláṣí, ó sì tún padà di ìjọ lẹ́yìn ogun 1072. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, 1185 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lára òpó kan lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ Àlùkùránì wà níbẹ̀, kedere, níwájú ilé Jésù. Ìyá náà ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Láti ibẹ̀ a fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìgbafẹ́ àwọn ọba Norman tí wọ́n ń pè ní Zisa, níbi tí òkúta kékeré kan wà. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Grisandus ló ṣe é lọ́dún 1149 ní ìrántí Anna, ìyá rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló kọ ọ́ sí: Látìn, Gíríìkì, Lárúbáwá, àti Lárúbáwá tí wọ́n fi lẹ́tà àwọn Júù kọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú ló fẹ́ kí gbogbo aládùúgbò lè kà á. Nínú gbogbo ohun tí mo rí ní Palermo, òkúta yìí ló wọ̀ mí lára jù.

Mo wá béèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn Mùsùlùmí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí mọ́ṣáláṣí wọn tó 300, níbo ni wọ́n wọlẹ̀ sí?

Ìyá náà kò fi ìkánjú dáhùn. Ó ní ọba ló ń dáàbò bò wọ́n, torí iṣẹ́ wọn wúlò fún ọba. Lọ́jọ́ tí apá ọba ò bá ká ìlú, wọn ò ní ẹlòmíràn. Lọ́dún 1161, ọ̀tẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Roger, wọ́n sì pa àwọn Mùsùlùmí nínú Palermo. Ọmọ-ọmọ Roger kú lọ́dún 1189, wọ́n tún dojú ìjà kọ wọ́n, ọ̀pọ̀ sì sá gorí òkè. Nígbà tó yá, Frederick Kejì gorí oyè. Òun náà, ọmọ-ọmọ Roger ni láti ọ̀dọ̀ ìyá, wọ́n sì ní ó gbọ́ Lárúbáwá. Láti nǹkan bí 1220 lọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Mùsùlùmí Sísílì tó ṣọ̀tẹ̀ kúrò ní erékùṣù náà, ó ń kó wọn lọ sí Lucera lórí ilẹ̀ Ítálì. Lọ́dún 1300, ọba mìíràn tú Lucera ká, ó sì ta àwọn ènìyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Ibojì Frederick wà nínú kàtídírà yẹn, òkúta pupa ńlá, wọ́n sì ń gbé òdòdó síbẹ̀.

Ti àwọn Júù kò le wò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba Spéènì ló ni Sísílì lọ́dún 1492 tó pàṣẹ pé kí wọ́n kó jáde. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní 1493, wọ́n ti lọ tán. Lónìí, èdè mẹ́ta ni wọ́n fi kọ orúkọ títì sára ògiri ní àdúgbò wọn àtijọ́: Ítálì, Hébérù àti Lárúbáwá. Lọ́dún 2017, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Palermo yọ̀ǹda ilé àdúrà kan fún àwọn Júù kí wọ́n fi ṣe sínágọ́gù. Ọdún 524 ló wà láàárín méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Santa Maria di Gesù, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ Fransisi Mímọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Grifone lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dé láti ilé wá, torí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan.

Benedetto ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1526 ni wọ́n bí i nílùú San Fratello ní Sísílì. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀, adúláwọ̀ ni wọ́n. Ìwé àtijọ́ pè wọ́n ní ará Etiópíà, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, gbogbo aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà aṣálẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrú gbà wá sí etí òkun Mẹditaréníà pọ̀: Leo Africanus, tó dé Borno fúnra rẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1550 pé ẹrú ni ọba Borno fi ń san owó ẹṣin fún àwọn oníṣòwò àríwá. Ọ̀gá àwọn òbí Benedetto ṣèlérí pé àkọ́bí wọn yóò jẹ́ ọmọlúàbí tó dá dúró, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Ọmọ náà daran. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá àwọn adágbé tó ń gbàdúrà nínú igbó lọ, lẹ́yìn náà ó wọ ilé Fransisi yìí, wọ́n sì fi í sí ilé ìdáná. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Síbẹ̀, lọ́dún 1578, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀wé fi í ṣe olórí ilé. Nígbà tó lo sáà rẹ̀ tán, ó padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1589.

Ìlú Palermo fi í ṣe alábòójútó wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rosalia Mímọ́, Póòpù sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ lọ́dún 1807. Òkìkí rẹ̀ kan dé òkèèrè. Àwọn adúláwọ̀ Brazil, nínú èyí tí ọmọ Yorùbá wà ní Bahia, mú un bí ẹni tiwọn, wọ́n ń pè é ní São Benedito. Ẹ̀yin ìdílé Àgùdà nílùú Èkó tí babańlá yín ti ibẹ̀ padà wálé, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ orúkọ náà rí.

Mo sọ fún ìyá wa pé ibi yìí ni Palermo ti ṣe dáadáa. Ó ní, "Wọ́n kúnlẹ̀ fún un nínú ìjọ, wọ́n sì ń ra irú rẹ̀ lọ́jà. Ìlú kan náà, ènìyàn kan náà." Òótọ́ ni. Sísílì kò fi ẹrú sílẹ̀ nítorí Benedetto.

Ọdún tó lé ní 430 ni òkú Benedetto fi wà lókè yìí. Ní oṣù Keje 2023, iná igbó sọ̀ lára òkè, ooru ọdún náà ò ní àfiwé, iná sì wọ inú ìjọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo òkú náà ló jóná. Ìyá náà ní ọjọ́ náà, eérú ń bọ́ sórí aṣọ tí òun sá nínú ìlú lọ́hùn-ún, òun ò sì mọ̀ pé eérú ta ni.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ìsàlẹ̀ bàtà mi ṣí. Ọjà ló kàn nìyẹn. Ìyá náà mú mi lọ sí Ballarò, ọjà tó ti wà láti ayé àwọn Lárúbáwá, tí àwọn ará Áfíríkà àti Bangladesh ń bá àwọn ọmọ onílẹ̀ ná lónìí. Ariwo ibẹ̀, Dùgbẹ̀ ló rán mi létí. Ó ra panelle fún mi, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà roboto kan dín. Àkàrà pẹlẹbẹ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Wọ́n tún ń ta búrẹ́dì tí wọ́n ki ọlọ inú màlúù sí, wọ́n ní lọ́wọ́ àwọn alápatà Júù ni wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó lé wọn. Mo tọ́ ọ wò. Ẹ̀ẹ̀kan tó.

Ibi tí mo ti ń wo bàtà ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "Bọ̀dá, ẹ rọra o, ẹ má tẹ ata mi!" Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ń ta ata, gààrí, ẹ̀gúsí àti pańla. Ọdún 17 ló ti lò níbẹ̀. Lẹ́yìn tí a kíra tán, mo bi í bóyá ó mọ Benedetto, ẹni mímọ́ adúláwọ̀. Ó ní, "Èmi kẹ̀? Aláṣọ Funfun lèmi o." Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá: "Wá, kúnlẹ̀ kí Àǹkú, kó o sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dìde, ó fà mí lọ́wọ́ yí kọ̀rọ̀ kan. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri ilé níbẹ̀, Benedetto nìyẹn, dúdú bí èmi. Ó ní wọ́n kọ́ àwọn nípa rẹ̀ níléèwé. Bí a ṣe padà, òun ló bá mi ná bàtà, èdè Sísílì pọ́ńbélé ló fi ná an, oníbàtà sì ja owó náà.

Ìyá wa tíṣà wò ó, ó ní, "Ojúlówó ọmọ Palermo." Ìyá ọmọ náà ní bó bá ṣe bí òfin nìyẹn. Òfin ọdún 1992 ní Ítálì ní ọmọ àlejò tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ítálì. Bó bá pé ọdún 18, tí kò sì gbé ibòmíràn rí, ó lè lọ béèrè rẹ̀, àfi bí òbí rẹ̀ bá ti kọ́kọ́ di ọmọ Ítálì kó tó dìgbà náà. Ìwé tiẹ̀ kò tíì jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò iye ọdún tó kù fún ọmọ náà. Kò jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ tán.

"Ọdún 7 àti oṣù 4, sà," ló wí.